Ìmọ̀, Òye àti Ọgbọ́n: Bí Ènìyàn Ṣe Ń Di Ọlọ́gbọ́n



A júbà Olódùmarè. A júbà Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín. A júbà àwọn olúwo tí wọ́n ti kọjá lọ, nítorí ẹnu wọn ni a ti gba ohun tí a fẹ́ sọ lónìí.  

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ gbé lé wa lọ́wọ́ ni kí a sọ̀rọ̀ lórí ọgbọ́n: kí ni a ń pè bẹ́ẹ̀, báwo ni ènìyàn sì ṣe ń rí i? Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò, ibì kan ni a ó sì dì mú nínú rẹ̀. Ènìyàn lè gba ìmọ̀ ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kò ṣeé gbà ní ọjọ́ kan. Ẹni tí ó bá ń wá a gbọ́dọ̀ bèèrè, kí ó gbọ́, kí ó sìn, kí ó sì dúró de àsìkò.

Nígbà tí àwọn àgbà bá ń wúre, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n máa ń tò tẹ̀lé ara wọn: ọgbọ́n, ìmọ̀, òye. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe ohun kan náà. Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí ó wà ní àdúgbò wa ṣe àpèjúwe. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 1978 ni àwọn ènìyàn ti ń ti Èkó wá ra ilẹ̀ ní Ibafo àti Mowe. Ẹni tí ó mọ iye tí wọ́n ń ta pulọ́ọ̀tì kan, tí ó mọ ẹbí tí ó ni ilẹ̀, tí ó sì mọ ìwé tí ó yẹ kí òun gbà, ó ní ìmọ̀. Ẹni tí ó dé orí ilẹ̀ náà ní oṣù kejì ọdún, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó wo koríko tí ó hù níbẹ̀, tí ó sì rí i pé koríko àbàtà ni, ó ní òye, nítorí ó ti inú ohun tí ojú rí mọ ohun tí ojú kò tíì rí. Ẹni tí ó wá ní, "Ẹ ṣe sùúrù, a ó padà wá ní oṣù keje nígbà tí òjò bá rọ̀, a ó sì kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ bàbá tí ó ti ń dáko níbí láti ọjọ́ pípẹ́," tí kò sì jẹ́ kí ẹnu dídùn ẹni tí ń ta ilẹ̀ lé òun ní eré, ẹni náà ni ó ní ọgbọ́n. Ọgbọ́n ni ó ń sọ ohun tí a ó fi ìmọ̀ àti òye ṣe, àti ìgbà tí a ó ṣe é. Owó ẹni méjì lè dọ́gba, ìmọ̀ wọn lè dọ́gba. Ọjọ́ tí omi bá dé ni a ó mọ èwo nínú wọn ni ó bèèrè.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ìbéèrè ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ Ifá. Ẹ wo bí a ṣe ń dá a. Ẹni tí ó wá kì í sọ ohun tí ń dùn ún lọ́kàn fún babaláwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ni yóò fi sọ ọ́ sí owó tàbí sí ìbò. Babaláwo yóò kó ikin mẹ́rìndínlógún sí ọwọ́ kan, yóò sì fi ọwọ́ kejì gbá wọn mú. Bí ó bá ku ẹyọ kan, ìlà méjì ni yóò tẹ̀ sórí ìyẹ̀rosùn. Bí ó bá ku ẹyọ méjì, ìlà kan ni yóò tẹ̀. Báyìí ni yóò ṣe títí ojú Odù yóò fi pé mẹ́rin ní apá ọ̀tún, mẹ́rin ní apá òsì. Ọmọ awo tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń wò ó pé nǹkan yìí yí padà: ọ̀kan di méjì, méjì di ọ̀kan. Ní ojú tiwa, ẹ̀kọ́ ńlá ni. Ohun tí ó kù sí àtẹ́lẹwọ́ kì í ṣe ohun tí a ń tẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ òfin ohun tí ó rí, ojú rẹ̀ yóò tàn án.

Nígbà tí Odù bá sì jáde, nínú 256 tí ó wà, babaláwo kì í sọ èrò inú ara rẹ̀. Ẹsẹ Ifá ni yóò máa kì, ẹni tí ó wá ni yóò sì gbọ́ èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Babaláwo nìkan kò mọ̀ ọ́n, ẹni tí ó wá nìkan kò mọ̀ ọ́n. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń rí i.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe ń dé ibi tí wọn yóò ti lè gbé ikin lé e lọ́wọ́? Láyé àtijọ́, ọmọdé ni ẹni tí ń kọ́ Ifá ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ olúwo rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni àwa náà gbà. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń kọ́, kí a lè dá ojú Odù mẹ́rìndínlógún mọ̀; lẹ́yìn náà àwọn àmúlù; lẹ́yìn náà ẹsẹ Ifá, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́; lẹ́yìn náà ẹbọ àti ewé. Èyí ni apá tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Apá kejì ni ilẹ̀ ilé gbígbá, omi pípọn, àti àpò Ifá gbígbé tẹ̀lé olúwo lọ sí òde. Ní òde yẹn ni a ti ń rí bí àgbà ṣe ń bá ẹni tí ń sunkún sọ̀rọ̀, bí ó ṣe ń dákẹ́ nígbà tí ẹbí bá ń bínú, bí ó ṣe ń pa àṣírí tí ó gbọ́ mọ́, àti bí ó ṣe ń da owó tí kò tọ́ sí i padà. Kò sí ẹsẹ tí a há sórí tí ó lè fi èyí kọ́ni. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọdún tí a ti lò láyé nìkan ni ọgbọ́n. Ẹ rántí ìtàn tí Ifá sọ nínú Ọ̀ṣẹ́túrá. Olódùmarè rán àwọn irúnmọlẹ̀ wá tún ayé ṣe. Ọkùnrin mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, Ọ̀ṣun nìkan sì ni obìnrin àárín wọn. Wọ́n dé ayé, wọ́n la igbó, wọ́n ń ṣe ìpàdé, wọn kò ka Ọ̀ṣun sí. Ohun tí wọ́n bá dáwọ́ lé kò lójú. Wọ́n tọrọ òjò, òjò kò rọ̀. Wọ́n wo aláìsàn, aláìsàn kò dìde. Nígbà tí wọ́n padà lọ bá Olódùmarè, ìbéèrè ni ó bi wọ́n: ẹni kan ṣoṣo tí ó jẹ́ obìnrin láàárín yín ńkọ́? Wọ́n padà, wọ́n bẹ Ọ̀ṣun. Ọmọ tí ó wà nínú rẹ̀ nígbà náà ni ó bí, tí ó ń jẹ́ Ọ̀ṣẹ́túrá, ayé sì tòrò. Ẹ kíyè sí i pé àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí kì í ṣe òpè. Ìmọ̀ wọn pọ̀, agbára wọn pọ̀. Ẹni tí wọ́n tì sẹ́yìn ni ọgbọ́n tí ó kù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìlú bíi tiwa, níbi tí Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́, Ègùn àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn ti jọ ń gbé, tí obìnrin àti ọ̀dọ́ sì pọ̀ láàárín wa, ìtàn yìí kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ohun tí ó wà nílẹ̀ báyìí ńkọ́? Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àjogúnbá tí gbogbo ọmọ aráyé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Iyì ni fún wa. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa níbí, a ń rí ọ̀dọ́ tí ó gbọ́ ẹsẹ Ifá lórí fóònù fún oṣù mẹ́ta, tí ó rán aṣọ funfun, tí ó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọwọ́, tí ó sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ìdààmú bá. Èyí tí ó burú jù ni ti àwọn tí ń wá owó òjijì, tí wọ́n rò pé ilé babaláwo ni ọ̀nà rẹ̀ gbà. Ẹni tí ó bá jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni" fún irú ìbéèrè yẹn kì í ṣe awo, bí ó tilẹ̀ há gbogbo Odù sórí. Ìmọ̀ láìsí ìwà ni, ẹ̀mí ènìyàn ni ó sì ń bá a lọ.

Ẹ̀bi náà kò wà lọ́dọ̀ fóònù. Ìwé kò ba ọgbọ́n jẹ́ rí, bí ẹni tí ó ń kọ ọ́ bá kọ́kọ́ jókòó ti àgbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, ọmọ Ọ̀yọ́, gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí Ifá ní Yunifásítì Èkó ní ọdún 1971. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ibẹ̀, ó ti jókòó ti àwọn babaláwo, ìwé rẹ̀ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá sì ti jáde ní 1968. Ní ìtòsí wa níbí, ní Òkènlá ní agbègbè Ìfọ̀, ni wọ́n bí Olóyè Isaac Delano sí ní 1904. Kì í ṣe babaláwo. Òun ni ó ṣe Atúmọ̀ Èdè Yorùbá ní 1958, tí ó sì kó òwe jọ sínú Òwe l'Ẹṣin Ọ̀rọ̀ ní 1966. Ẹni tí kò bá fetí sí àgbà kò lè kó òwe jọ.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ yín fún. Ẹ̀yin olúwo, a kò lè ní kí ọmọ fi ilé-ìwé sílẹ̀ kí ó wá fi ọdún mẹ́wàá gbé ilé wa. Ẹ jẹ́ kí a ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀, kí a máa kọ́ wọn láìgba owó, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí a sì máa mú wọn tẹ̀lé wa lọ sí òde. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gba ohùn àgbà sínú fóònù yín, ṣùgbọ́n ẹ mú un padà wá bi àgbà pé kí ni ó túmọ̀ sí. Ẹ̀yin òbí, ẹni tí ó bá ṣèlérí fún ọmọ yín pé òun yóò sọ ọ́ di awo láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ bèèrè olúwo tí ó kọ́ òun náà, kí ẹ sì lọ rí olúwo ọ̀hún. Abéèrè kì í ṣìnà.

Kí Ifá má jẹ́ kí ìmọ̀ wa pọ̀ ju ìwà wa lọ. Kí àwọn tí a ń kọ́ lónìí gbọ́n jù wá lọ, kí wọ́n sì rántí wa sí rere. Kí ọdún yìí yabo fún wa, kí ẹ̀mí wa ṣe ẹ̀mìíràn.