Ẹni Ìkẹyìn Ni Aago Ń Dúró Dè

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ọdọọdún)

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ gbé lé wa lọ́wọ́ ni pé kí a sọ̀rọ̀ lórí eré ìdárayá àti ìtẹ̀síwájú ìlú. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò. A ti yan eré kan ṣoṣo nínú rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì fojú rí, nítorí pé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kan Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ gbọ̀ngbọ̀n.

Eré náà ni eré ìje olóríṣiríṣi tí ọ̀wọ́ ènìyàn jùmọ̀ ń sá. Kì í ṣe eré orí pápá. Nínú àwọn ńlá ibẹ̀, ẹni mẹ́rin ni ó sábà máa ń di ọ̀wọ́ kan, a kì í sì í fi ọkùnrin nìkan ṣe é. Obìnrin gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. A ó fún wọn ní máàpù àti kọ́ńpáàsì, a ó sì dárúkọ àwọn ibi tí wọn kò gbọdọ̀ ṣàì dé. Bí wọn yóò ti rìn láti ibìkan dé òmíràn di ọgbọ́n tiwọn. Wọn yóò fi ẹsẹ̀ la igbó kọjá, wọn yóò gun kẹ̀kẹ́ ológeere, wọn yóò fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lórí omi, wọn yóò sì di okùn mú sọ̀ kalẹ̀ lára àpáta. Òru kò dá eré náà dúró. Ọ̀wọ́ tí oorun bá ń kùn lè sùn, ṣùgbọ́n aago kò ní bá wọn sùn.

Òfin kan wà tí ó jẹ́ ọ̀gá gbogbo òfin eré yìí. Àwọn mẹ́rin gbọ́dọ̀ máa rìn pọ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sá síwájú kí ó wí pé òun ti dé. Ìgbà tí ẹni ìkẹyìn bá fi ẹsẹ̀ kan òpin ni a tó kọ àkókò gbogbo wọn sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì fà sẹ́yìn pátápátá, ipò tí àwọn ìyókù ì bá gbà ti bọ́ nìyẹn, bí wọ́n tilẹ̀ yára bí ìjì.

Ní ọdún 2019, a sá irú eré yìí ní erékùṣù Fiji. Ọ̀wọ́ 66 ni ó wá láti orílẹ̀-èdè 30. Ọ̀nà tí wọ́n rìn jẹ́ kìlómítà 671, ó ju ìrìn Èkó sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ, ọjọ́ 11 ni a sì dá fún wọn. Àwọn ará New Zealand ni ó borí. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ mìíràn wà níbẹ̀ tí ó wù wá láti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ará Amẹ́ríkà kan, Mark Macy, ti sá eré yìí ní ìgbà púpọ̀ nígbà tí agbára rẹ̀ pé. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2019, àrùn ìgbàgbé tí a ń pè ní Alzheimer's ti ń bá a jà. Ọmọ rẹ̀, Travis, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ògbójú nínú eré yìí, lè bá àwọn alágbára lọ láti wá ipò iwájú. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wà nínú ọ̀wọ́ baba rẹ̀, ó ń ràn án lọ́wọ́ níbi tí ọwọ́ àgbà náà kò ti rántí iṣẹ́ mọ́. Wọn kò parí gbogbo ọ̀nà náà, síbẹ̀ orúkọ wọn wà lẹ́nu àwọn tí kò rántí ẹni tí ó ṣe ipò kejì.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí irú ọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń ṣe é. Ẹni tí ó lágbára jù yóò so okùn mọ́ ìbàdí, yóò sì fi fa ẹni tí ó ti rẹ̀. A ó gba ẹrù alárẹ̀ lórí rẹ̀, a ó pín in. Ẹni tí ó mọ máàpù kà ni yóò mú máàpù, ìbáà ṣe òun ni ó kéré jù lọ́jọ́ orí. Ẹni tí bàtà bá sì ti bó lẹ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè wí. Ẹni tí ó bá fi ìrora pamọ́ nítorí ìtìjú kò fi ara rẹ̀ hàn ní akọni. Ó ń ba ọ̀nà jẹ́ fún ẹni mẹ́ta. Ọgbẹ́ tí a lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún wẹ̀ lónìí lè dá gbogbo wọn dúró lọ́la.

Àwọn kan yóò wí pé eré àwọn òyìnbó ọlọ́rọ̀ ni èyí. Òótọ́ ni pé owó rẹ̀ pọ̀ lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Kí ni àáró tí àwọn baba wa ń ṣe lóko? Oko ẹni tí ó lágbára àti oko ẹni tí kò lágbára ni a jọ ń ro, a kì í sì í wí pé àáró parí nígbà tí ó bá ku oko ẹnìkan.

Ní orílẹ̀-èdè yìí pẹ̀lú, a ti gbìyànjú irú ẹ̀kọ́ yìí rí. Ní ọdún 1951, wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Man O' War Bay, ní etí òkun Kamẹrúùnù, nígbà tí apá ibẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìjọba kan náà pẹ̀lú Nàìjíríà. Alec Dickson ni ó ṣe olórí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ láti ẹ̀yà gbogbo ti ń kọ́ ìwẹ̀ odò àti ọkọ̀ wíwà, tí wọ́n sì jùmọ̀ ń gun òkè Kamẹrúùnù, èyí tí ó ga ju mítà 4,000 lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n a máa lọ sí abúlé láti bá àwọn ará ibẹ̀ ṣiṣẹ́ ìlú. Nígbà tí àwọn ará Gúúsù Kamẹrúùnù dìbò ní ọdún 1961 láti dara pọ̀ mọ́ Kamẹrúùnù, a gbé iṣẹ́ náà wá sílé, ó sì fi ìdí múlẹ̀ ní Shere Hills lẹ́bàá Jos. Láti ibẹ̀ ni orúkọ Man O' War ti wá, èyí tí gbogbo agùnbánirọ̀ tí ó ti wọ ibùdó láti ọdún 1973 mọ̀ dáadáa.

Bákan náà ni ti Sydney ní ọdún 2000. Sunday Bada, Clement Chukwu, Jude Monye àti Enefiok Udo-Obong sá eré ọlọ́pàá-gbígbà ti mítà 400 lọ́nà mẹ́rin, wọ́n ṣe ipò kejì sí Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹnìkan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn tí òfin kà léèwọ̀. Gbogbo ọ̀wọ́ wọn ni ó pàdánù àmì-ẹ̀yẹ náà, góòlù sì di tiwa ní ọdún 2012. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan fa ẹni mẹ́rin lulẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá nìyí. Òṣòdì jẹ́ oríta tí gbogbo ènìyàn ti ń sáré, kálukú sì ń sá tirẹ̀. A ti rí i tí a wó ọjà ẹ̀gbẹ́ títì ibẹ̀ ní ọdún 2009, a sì ti rí i tí a ṣí ibùdó ọkọ̀ ńlá ní ọdún 2019. Títì ti yí padà. Ìwà ká máa ti ara ẹni ṣubú kí a lè kọ́kọ́ wọkọ̀ kò tíì yí.

Ohun tí ó burú ju ti ibùdókọ̀ lọ ti ṣẹlẹ̀ sí wa. Ní ọjọ́ Sunday, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, ilé ìkó-ohun-ìjà-sí àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà gbiná, bọ́ǹbù sì ń dún títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn ènìyàn sá kíjokíjo. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sá dé kánáàlì Òkè-Afa ní Ìsọlọ̀ wa níhìn-ín. Ewéko ti bo ojú omi náà, òkùnkùn sì ṣú. Wọn kò mọ̀ pé omi ni. Àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò rí ohun tí ń ṣe àwọn ti iwájú. Ó ju ẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ tí ó kú lọ́jọ́ náà, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé, omi yìí ni ó sì gbé èyí tí ó pọ̀ jù. Ibojì wọn àti ọwọ̀n ìrántí wọn wà ní Òkè-Afa títí di òní.

A kò dá àwọn òkú lẹ́bi. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn ní ohun tí wọn ì bá ṣe. Àwa tí a wà láàyè ni ọ̀rọ̀ kù sí lọ́wọ́: bí ariwo bá tún dún lóru, ǹjẹ́ àwọn ọmọ wa yóò mọ ibi tí afárá wà? Ǹjẹ́ wọn yóò di ara wọn lọ́wọ́ mú?

Nítorí náà a mú àbá mẹ́rin wá síwájú ẹgbẹ́.

Èkíní, kí àwọn olùkọ́ inú wa mú kí ọmọ ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ya máàpù àdúgbò rẹ̀ fúnra rẹ̀: ibi tí kánáàlì gbà, ibi tí afárá wà, ibi gbalasa tí àwọn ènìyàn lè kó ara wọn jọ sí. Bébà àti lẹ́ẹ̀dì ni ó ń fẹ́.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ wá olùkọ́ tí ó yanjú láti kọ́ àwọn ọmọ ní ìwẹ̀ odò nínú adágún omi tí a ṣe fún un. Kí ọmọ kankan má ṣe wọ inú kánáàlì nítorí ẹ̀kọ́ yìí.

Ẹ̀kẹta, kí a ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dún fún eré ìje ọlọ́wọ̀ọ́ tiwa. Ẹni mẹ́rin ni kí ó wà nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, méjì láti Òṣòdì, méjì láti Ìsọlọ̀, ọkùnrin àti obìnrin. Kí wọ́n rìn, kí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà àdúgbò tí kò léwu, kì í ṣe lórí títì márosẹ̀, kí wọ́n sì máa fi máàpù tí wọ́n yà wá ọ̀nà. Ẹni ìkẹyìn ni kí aago dúró dè.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin ọmọ wa ní ìlú òyìnbó, owó yín dára, ṣùgbọ́n ìmọ̀ yín dára jù ú lọ. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ìdóòlà ẹ̀mí nínú omi, nígbà tí ẹ bá wálé fún ọdún, ẹ yọ̀ǹda ọjọ́ kan fún àwọn ọmọ yìí.

Ìlú tí alágbára rẹ̀ nìkan ti dé òpin kò tíì dé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a rí irú ọjọ́ náà mọ́, kí ó sì jẹ́ kí gbogbo wa jọ délé láìku ẹnìkan.