Ẹ Jẹ́ Ká Sin Ekòló fún Ẹja Wa

Bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu. Ekòló yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ mi.

Àwọn olùkọ́ wa kan fi owó ìfẹ̀yìntì gbẹ́ kòtò ẹja àrọ̀. Àwa ọmọ wọn fi owó àjọ gbẹ́ tiwa. Fíìdì ló ń jẹ èrè mọ́ wa lọ́wọ́. Ó ń kó ju ìdajì ìnáwó lọ, àgàgà láti ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀.

Ẹ kan àpótí pákó, ẹ lu ihò sídìí rẹ̀, ẹ gbé e síbi ìbòòji. Ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ agolo omi nítorí ìjàlọ. Ẹ kó ìgbẹ́ màlúù tí kò gbóná mọ́ àti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígé sí i, kí ẹ tó kó ekòló lé e. Ẹ máa wọ́n omi sí i, àmọ́ kí omi má dúró níbẹ̀. Ẹ má fi iyọ̀ sí i o!

Bí wọ́n bá ti pọ̀, ẹ ṣàn wọ́n, ẹ gé e wẹ́wẹ́ fún ọmọ ẹja. Ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán ni. Àjẹkù á ba omi jẹ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé kí ẹ da fíìdì nù. Nínú kílò 5 ekòló tútù, omi ló kó bíi kílò 4. Àfikún ni, àfikún tí a ò ná dọ́là sí.

Ẹni tí tirẹ̀ bá ti pọ̀, kó bu ẹ̀kúnwọ́ fún ẹnìkejì.