Ìbéèrè mẹ́rin tó yẹ kí ẹ bi iléeṣẹ́ tó máa bá yín kó ẹrù lọ sókè òkun láti Niamey

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Bobiel, nílùú Niamey, sọ nìyí.

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè mọ iléeṣẹ́ tó ṣeé fọkàn tán láti bá wa fi ẹrù ránṣẹ́ sáwọn ọmọ wa lókè òkun. N kò ní pẹ́, torí mo mọ̀ pé ọjà ń dúró de ọ̀pọ̀ nínú yín.

Owó tó wọ́n kọ́ ló ń sọ iléeṣẹ́ di olóòótọ́, ẹnu dídùn náà kọ́. Ohun tí wọ́n bá gbà láti kọ sínú ìwé, àti ohun tí wọ́n bá kọ̀ láti gbé, lẹ ó fi mọ̀ wọ́n.

Ọ̀nà wo ni ẹrù mi máa gbà?

Niger kò ní òkun. Ẹrù tó bá máa wọ ọkọ̀ ojú omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ilẹ̀ ẹlòmíì dé Cotonou, Lomé, Tema tàbí Èkó. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba lọ́jọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023. ECOWAS fìyà jẹ Niger, ẹnubodè sì tì pa. Ní oṣù Kejì ọdún 2024 ni wọ́n ká ìyà náà kúrò, Nàìjíríà sì ṣí ẹnubodè tirẹ̀ ní oṣù Kẹta. Ṣùgbọ́n nígbà tí Benin ṣí ti Malanville, Niger kò ṣí ti Gaya tó kọjú sí i. Ọkọ̀ ojú omi kékeré làwọn èèyàn ń wọ̀ sọdá odò Ọya nígbà náà.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní ọ̀nà Cotonou lòun máa gbà, ẹ bi í pé ta ló máa gba ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ̀ níbodè. Ẹni tó mọṣẹ́ á dáhùn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ọlọ́run wà." Ọlọ́run wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibodè náà wà.

Ta ni yín gan-an?

Iléeṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní Niger máa ń ní nọ́mbà RCCM, tó jẹ́ ti ìforúkọsílẹ̀ oníṣòwò, àti NIF, tó jẹ́ ti owó orí. Ẹ wá méjèèjì lórí rìsíìtì wọn. Bí wọ́n bá ní àwọn ní ọ́fíìsì ní London, kí ọmọ yín tó wà níbẹ̀ wá orúkọ wọn lórí ìkànnì Companies House. Ọ̀fẹ́ ni. Ní Nàìjíríà, CAC ni. Nọ́mbà WhatsApp nìkan kì í ṣe àdírẹ́sì.

Èló ni gbogbo rẹ̀?

Àwọn tó ń fi bàálù gbé ẹrù kì í wo kílò nìkan, wọ́n ń wo bí páálí ṣe tóbi. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi gígùn, ìbú àti gíga ní sẹ̀ńtímítà ṣe ìsọdipúpọ̀, wọn á sì pín in sí 5,000. Páálí tó jẹ́ 50 sí 40 sí 30 á fún wọn ní 12. Bí gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀ bá kún inú rẹ̀, tí kò wọn ju kílò 5 lọ, owó kílò 12 lẹ máa san.

Ẹ tún bèèrè ẹni tó máa san owó aṣọ́bodè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀bùn tó bá ju pọ́n-ùn 39 lọ á san VAT. Amẹ́ríkà náà ti dá àǹfààní tó ń jẹ́ kí ẹrù tí kò ju dọ́là 800 lọ wọlé láìsan owó dúró láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2025. Bí ẹ kò bá bèèrè, ọmọ yín ni wọ́n máa pè.

Bó bá sọnù ńkọ́?

Nọ́mbà tí a fi ń tọpa ẹrù tó gba ilé ìfìwéránṣẹ́ máa ń ní lẹ́tà méjì, nọ́mbà mẹ́sàn-án, àti lẹ́tà méjì tó ń tọ́ka sí orílẹ̀-èdè. NE ni ti Niger. Ẹ fi ọwọ́ ara yín yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì. Kí ẹ tó lẹ páálí, ẹ ya fọ́tò ohun inú rẹ̀, kí wọ́n kọ iye owó rẹ̀ sórí rìsíìtì, kí wọ́n sì kọ iye tí wọ́n máa san bó bá sọnù.

Ó ku ọ̀rọ̀ kílíṣí. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ fẹ́ràn ti Niger. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtàwọn orílẹ̀-èdè àjọ EU kò gba ẹran tàbí wàràkàṣì látọ̀dọ̀ wa, wọ́n á gbà á dànù. Iléeṣẹ́ tó bá kọ̀ ọ́ fún yín, ẹ má bínú sí wọn. Èyí tó bá ní, "Kò sí wàhálà, a máa kọ aṣọ sí i," ẹ gba ẹrù yín kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ń bá wa purọ́ fún aṣọ́bodè, á purọ́ fún àwa náà lọ́jọ́ tí ẹrù bá sọnù.

Ẹ fi páálí kékeré dán wọn wò ná. Ẹni tó bá mú rìsíìtì dání, ẹ jẹ́ ká jọ kà á.