Àga Adájọ́ Àgbà Ilẹ̀ Nàìjíríà àti Àwọn Tó Ti Jókòó Lórí Rẹ̀

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Àgbàdo, Ìpínlẹ̀ Ògùn

Ẹ ní kí n sọ ìtàn àwọn Adájọ́ Àgbà ilẹ̀ wa. N kò ní pẹ́ lórí ohun tí a ń pè ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, nítorí kò sí ẹni tó jókòó síhìn-ín tí kò mọ̀ pé bí ẹjọ́ bá ti ọ̀dọ̀ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kọjá, tí ó dé ibẹ̀, ó ti dé ibi tí ọ̀nà pin sí. Adájọ́ Àgbà ni olórí ibẹ̀. Ìyẹn tó.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí láti 1958, bí ẹni pé ṣáájú kí ọmọ Nàìjíríà tó gun àga náà, kò sí ohunkóhun tó yẹ ká rántí. Mo ti bá wọn jiyàn yìí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, n kò sì ní yé e ṣe, pàápàá jùlọ níhìn-ín, ní ìlú tí ojú irin láti Èkó gbà kọjá lọ sí Abẹ́òkúta. Ní ayé ìgbà tí wọ́n ń la ojú irin yẹn, àwọn Ẹ̀gbá ọmọ Líṣàbi ní ìjọba tiwọn, wọ́n ní kóòtù tiwọn, àdéhùn 1893 tí wọ́n bá gómìnà Èkó ṣe sì fi òmìnira wọn múlẹ̀. Oṣù Sẹ́tẹ́ńbà 1914 ni Lugard, gómìnà àgbà Nàìjíríà, fagi lé òmìnira náà. Ọdún yẹn gan-an ni Sir Edwin Speed di Adájọ́ Àgbà àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ so pọ̀, ọdún yẹn náà ni Lugard sì gbé kóòtù àwọn ẹkùn kalẹ̀, níbi tí àjẹ́lẹ̀ òyìnbó ti jẹ́ olùṣàkóso tí ó tún jẹ́ adájọ́, tí a kò sì gba agbẹjọ́rò láyè láti ṣí ẹnu níbẹ̀. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Báwo ni ẹni tó ń gba owó orí lọ́wọ́ mi yóò ṣe dá ẹjọ́ owó orí fún mi? Nígbà tí Ogun Adúbí bẹ́ sílẹ̀ ní 1918, tí àwọn ará oko Ẹ̀gbá hú irin rélùwéè kúrò nílẹ̀, owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe ni gbogbo ènìyàn mẹ́nu bà, ṣùgbọ́n ìwà ìrẹ́jẹ inú kóòtù ìbílẹ̀ wà lára ohun tó ń jó wọn lára. Ẹni tí kò bá mọ èyí kò lè mọ ohun tó wúwo nínú ọdún 1958.

Lẹ́yìn Speed ni Sir Ralph Combe jẹ, títí dé 1929. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Sir Donald Kingdon, tí ó lo ọdún 17 lórí àga, tí ó ṣe olórí ìgbìmọ̀ tó wádìí Ogun Àwọn Obìnrin ìhà ìlà-oòrùn ní 1930, tí ó sì rí òpin kóòtù àwọn ẹkùn ní 1933 tí àwọn agbẹjọ́rò fi rí ọ̀nà wọlé. Sir John Verity tẹ̀ lé e ní 1946, Sir Stafford Foster-Sutton sì tẹ̀ lé ìyẹn. Òyìnbó ni gbogbo wọn, ìjọba Ọba Gẹ̀ẹ́sì ló yàn wọ́n, òun náà ló sì lè pè wọ́n padà.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Épírì 1958 ni Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, ọmọ Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, ọmọ Ẹ̀gbá tí a bí ní 1906, gun àga tí Speed gùn. Ó ti lọ sí Cambridge, ó ti di agbẹjọ́rò ní 1934, ó ti ṣe adájọ́ májísíréètì, ó sì ti ṣe Adájọ́ Àgbà Ìwọ̀-Oòrùn láti 1955. Ẹ wò ó ná: ọdún 44 péré lẹ́yìn tí wọ́n gba kóòtù lọ́wọ́ ìjọba Ẹ̀gbá, ọmọ Aláké ni gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹjọ́ bá dópin! Inú mi a máa dùn bí mo bá ronú kàn án.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ bá ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá tí ẹ wà níbí. Bí ẹ bá ń ṣe àjọ̀dún, ẹ ó ki Adémọ́lá bí ẹni ń ki ọba, ẹ ó lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ara ògiri, ẹ ó dá aṣọ ẹgbẹ́. Bí mo bá sì bèèrè èwo nínú ìdájọ́ rẹ̀ ni ẹ ti kà, ilẹ̀ ni ẹ ń wò. Àwọn agbẹjọ́rò ọ̀dọ́ ni ó tilẹ̀ ń dùn mí jù nínú ọ̀ràn yìí. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín.

Ní 1967, ìgbìmọ̀ kan tó ń wádìí dúkìá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn gbẹ́sẹ̀ lé ohun ìní ọ̀gbẹ́ni Lákànmí àti obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kíkẹ́lọmọ Ọlá: wọn kò gbọdọ̀ ta ilé, wọn kò gbọdọ̀ gba owó ilé, ìjọba ni kí wọ́n máa san án fún. Àwọn méjèèjì gbé ọ̀ràn náà lọ sí kóòtù. Ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí ìjọba ológun àpapọ̀ ṣe òfin tuntun, Òfin Ológun 45 ti 1968, èyí tó sọ pé gbogbo ìgbẹ́sẹ̀lé bẹ́ẹ̀ tọ́, pé kóòtù kankan kò sì gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹjọ́ dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù Épírì 1970, Adémọ́lá àti àwọn tó bá a jókòó dá a pé òfin náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní ní oṣù Jánúárì 1966, ìyókù àwọn mínísítà ni wọ́n fa ìjọba lé ológun lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1963 kò kú. Wọ́n ní ìwé náà pín agbára láàárín aṣòfin, aláṣẹ àti adájọ́. Wọ́n sì ní òfin tí a tò orúkọ ènìyàn sínú rẹ̀ láti fi gba dúkìá wọn, ìdájọ́ ni a dá lábẹ́ aṣọ òfin, ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe adájọ́ kò sì ní ẹ̀tọ́ láti dá a.

Ọjọ́ 15 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 9 oṣù Méè, ìjọba ológun gbé Òfin 28 jáde, ó sì sọ ìdájọ́ náà di òfo.

Níbi yìí ni àwọn tí mo ń bá jiyàn ti ń dìde. Wọ́n ní iṣẹ́ àṣedànù ni, pé adájọ́ tí kò ní ọmọ ogun kò yẹ kó fa ìjà tí kò lè jà. Wọ́n tún ní kò sí ẹni tó fa ìjọba lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní 1966, ìbọn ló gbà á. Lórí èyí kejì, mo gbà pé ìbọn wà nínú ọ̀rọ̀ náà, n kì í sì í ṣe ọmọdé tí yóò sọ pé kò sí. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ka Òfin 28 fúnra rẹ̀ bí ó ti yẹ kí a kà á. Kí ìjọba tó lè pa ìdájọ́ Adémọ́lá, ó di dandan kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo ayé rí i, pé ìyípadà nípa agbára ló ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Jánúárì àti ọjọ́ 29 oṣù Júláì 1966, pé ètò òfin tó wà tẹ́lẹ̀ sì ti wó. Fún ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti ń fi orúkọ ìwé òfin wa ṣe agbádá. Ilé-ẹjọ́ ló bọ́ ọ lọ́rùn wọn. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, òótọ́ ni, síbẹ̀ wọ́n gbé e dé ọjà, ọjà sì rí i. Olùkọ́ tó kọ́kọ́ fi ìdájọ́ yìí lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ ire, kò ṣàlàyé ohunkóhun fún mi. Ó ní kí n kà á tán kí n tó padà wá bá òun sọ̀rọ̀, mo sì kà á títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gbà fún ẹni tó bá pè é ní àṣedànù.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò bèèrè ẹjọ́ Adégbẹ́nró àti Akíntọ́lá. Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ní 1962, Adémọ́lá àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá a pé gómìnà kò lè yọ Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kí ó fi Adégbẹ́nró rọ́pò rẹ̀, láìsí pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin dìbò. Sir Lionel Brett nìkan ni kò fara mọ́ ọn. Ìgbìmọ̀ Ìdájọ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù yí ìdájọ́ náà padà ní 1963. Nínú ọdún kan náà ni a di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò lọ́ba, tí a sì ti ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù pa. Ọ̀rọ̀ gbòòrò wà níbẹ̀, alága sì ti ń wo aago.

Adémọ́lá fi àga sílẹ̀ ní 1972. Ta ni ìjọba gbé e fún? Táslím Ọláwálé Èlíáṣì, ọmọ Èkó Àkéte, ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò jókòó ṣe adájọ́ rí, òun sì ni agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ nígbà tí Òfin 28 jáde. Ní 1975 ni ìjọba ológun mìíràn yọ òun náà. Ilé-ẹjọ́ àgbáyé ní Hague ló gbà á, ó sì di ààrẹ ibẹ̀ láti 1982 sí 1985, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Sir Darnley Alexander, ọmọ erékùṣù St. Lucia, jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Àtàndá Fátàì-Williams ni ó wà níbẹ̀ ní 1979 nígbà tí a ń wá ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19 nínú ẹjọ́ ìdìbò ààrẹ, tí Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ sì dá tirẹ̀ lọ́tọ̀ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. George Ṣódẹ̀ìndé Ṣówẹ̀mímọ́, ẹni tó ní ọwọ́ òun dì nígbà tó ń rán Awólọ́wọ̀ lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá ní 1963, ló jẹ láti 1983 sí 1985.

Àwọn tó kù, n óò sáré kà wọ́n. Irikefe, Mohammed Bello, ọdún mẹ́jọ, Uwais, ọdún 11, Belgore ọmọ Ìlọrin, Kutigi, Katsina-Alu, Musdapher. Ní 2012, Aloma Mariam Mukhtar di obìnrin àkọ́kọ́. Mahmud Mohammed tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni Onnoghen, tí ààrẹ dá dúró ní oṣù Jánúárì 2019 láìdúró de ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́, tí Tanko Muhammad sì rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Lákànmí tún dé, ẹ̀yin tó ń pè é ní àṣedànù. Olúkáyọ̀dé Àríwọ́ọlá, Ìsẹ́yìn ọmọ Ebedì, jẹ ní 2022, ẹni àkọ́kọ́ láti ìhà wa lẹ́yìn Ṣówẹ̀mímọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ní 2024, ni Kúdíràtù Kékeré-Ẹkùn, obìnrin kejì. A bí i ní 1958, ọdún tí Adémọ́lá gun àga náà. Òfin sì sọ pé ẹni tó bá pé 70 ọdún gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀, èyí tó jẹ́ pé 2028 ni tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìbéèrè, pàápàá lórí ẹjọ́ Adégbẹ́nró, ẹ máa bọ̀ níwájú.