Ẹgbẹ́ Ìkàwé fún Àwọn tí Kì í Tètè Gbàgbọ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn níwájú àwọn ìjòyè àti àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú

Ẹ ní kí a wá sọ bí a ti ń ṣe àkóso ẹgbẹ́ ìkàwé tí ó wà níhìn-ín, èyí tí àwọn kan ń pè ní ẹgbẹ́ oníyèméjì. A kò bínú sí orúkọ náà. Olùkọ́ ń bẹ nínú wa, aránṣọ ń bẹ, àwọn tí ó ti Àbíjáǹ bọ̀ tí wọ́n sì ń ka èdè Faransé pẹ̀lú ń bẹ. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí í gba ohun kan gbọ́ kìkì nítorí pé a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀ ni ó kù kí ẹgbẹ́ náà tú. Ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ ni a ń kà. Nígbà tí a dé ibi tí a gbé sọ ti Lámúrúdu àti Mẹ́kà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó ní, "Irọ́ ni!" ó sì jókòó. Òmíràn dá a lóhùn pé, "Òótọ́ ni, ìwọ aláìmòye!" Láti ìgbà náà títí a fi pa fìtílà, a kò ka ìlà kan mọ́. Àgbà méjì mú ọ̀pá wọn, wọ́n gba ilé lọ. Nígbà náà ni a ṣe òfin kan ṣoṣo tí a ní: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wí pé irọ́ ni, tàbí pé òótọ́ ni, bí kò bá tíì fi ìka rẹ̀ lé ìlà tí ó ń wí, kí ó sì sọ ohun tí ó lè yí ọkàn rẹ̀ padà.

Nígbà tí a padà sí ìlà náà, ojú tì wá. Johnson fúnra rẹ̀ kò gbà pé ìran Lárúbáwá ni wá! Ó kọ ìtàn Mẹ́kà sílẹ̀ bí ó ti gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà ni ó jiyàn pé ìhà Íjíbítì òkè tàbí Núbíà ni a ti wá. Ẹ̀rí tí ó mú wá fún èyí pẹ̀lú kò tó lójú wa. Ṣùgbọ́n ohun tí ọkùnrin náà kò sọ ni àwọn ọmọ wa ti ń jà lé lórí.

Ìjòyè kan tí kò mọ ìwé ni ó là wá lójú. Ẹnìkan ti sọ fún un pé a fẹ́ fi ìwé yí ipò ìlú padà, ó sì fi ìbínú wá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé, ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó bá pa ìtàn dà lè pa ààlà ilẹ̀ dà, oyè pàápàá lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. A túmọ̀ ojú ewé kan fún un. Ó gbọ́ tán, ó ní, "Àlùfáà, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ta ni ó sọ fún ẹni tí ó kọ ọ́?" Gbogbo àwa tí a ti gba ìwé ẹ̀rí, a kò tíì bèèrè bẹ́ẹ̀ rí! A wá ìdáhùn, ó sì wà nínú ìwé náà gan-an: ẹnu àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́ ni Johnson ti gbọ́ ìtàn àtijọ́. Bàbá ní, "Ọ̀yọ́ ni ó ń sọ̀rọ̀ nígbà náà. N kò ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ máa rántí pé Ọ̀yọ́ ni." Ìbéèrè rẹ̀ náà ni ó mú wa mọ̀ pé Johnson parí ìwé náà ní 1897, pé ó sọnù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé ó kú ní 1901, àti pé Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò rẹ̀, ni ó tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, tí a fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ọwọ́ méjì ni ó kọ ohun tí a ń kà.

Iyèméjì pàápàá lè ṣìnà. Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀ ní 1910. Ó rí iṣẹ́ ọnà àwọn baba wa, kò sì gbà pé ọwọ́ wọn ni ó ṣe é. Ó ní àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ni yóò ti mú un wá. Ní 1938, bí a ti ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbolé Wúnmọníjẹ̀, orí idẹ púpọ̀ jáde láti inú ilẹ̀, ìwádìí láti ìgbà náà sì ti fi hàn pé iṣẹ́ Ifẹ̀ ni. Ohun gbogbo ni ọkùnrin yìí ń ṣiyèméjì sí, àfi èrò ara rẹ̀.

Wọ́n bi wá ní gbangba pé, àwa tí a jẹ́ àlùfáà, ṣé a ó bi Bíbélì ní ìbéèrè bàbá náà? A ní bẹ́ẹ̀ ni. Lúùkù sọ ibi tí ó ti gbọ́ ohun tí ó kọ. A sì yin àwọn ará Béríà nítorí pé wọn kò gba ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù láìyẹ̀ ẹ́ wò. Inú àwọn kan nínú ìjọ kò dùn sí èsì yìí títí di òní. A kò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí ó fẹ́ràn ohun kan a máa bẹ̀rù kí ó má bàa bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní oṣù tí ń bọ̀, ìwé Ṣẹ̀gilọlá tí I. B. Thomas kọ ni a ó kà, èyí tí ó jáde nínú Akéde Èkó láti 1929 sí 1930 bí ẹni pé lẹ́tà obìnrin kan ni, tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé sì gbà pé obìnrin náà wà láàyè. Àwọn ìyá ìjọ ti ń kùn nítorí àkọlé rẹ̀. Bàbá ìjòyè ti ránṣẹ́ pé kí a má ṣe bẹ̀rẹ̀ kí òun tó dé.