Ọ̀rọ̀ Ara Ìgò Ọtí Ítálì: Oríkì ni, àbí Òfin?

N kò ní í pẹ́ lórí ìpìlẹ̀: rosso ni ọtí èso àjàrà pupa, bianco ni funfun, secco ni èyí tí kò ládùn, dolce ni èyí tí ó dùn, ẹni tí kò bá yé kí ó bi ẹni tí ó jókòó tì í.

Classico, tí a ń kọ sára ìgò ọtí Chianti, ni ó gbé mi dìde. Láti ìgbà tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ti ń jẹun pọ̀ ní yunifásítì ni wọ́n ti ń bá mi jiyàn pé oríkì lásán ni, tí ọlọ́jà fi ń pọ́n ọjà rẹ̀. Mo ní òfin ni. Ní 1716, Cosimo III ti ìdílé Medici, olórí Toscana, pàṣẹ ààlà ilẹ̀ tí ọtí rẹ̀ lè máa jẹ́ Chianti. Nígbà tí ó sì di 1932, tí ìjọba Ítálì fẹ ààlà náà dé àwọn òkè tí kò sí nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, classico ni a fi ya ọtí ilẹ̀ àtijọ́ sọ́tọ̀. Ó kéré tán, ìdá 80 nínú 100 èso rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ Sangiovese. Akéwì tí ó bá fi irọ́ kún oríkì kì í dé ilé ẹjọ́.

Àkùkọ dúdú tí ń bẹ lọ́rùn ìgò Chianti Classico sì ní ìtàn. Wọ́n ní nígbà tí Florence àti Siena ń jà sí ààlà, wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kí ẹlẹ́ṣin kọ̀ọ̀kan gbéra nígbà tí àkùkọ ìlú rẹ̀ bá kọ, kí ibi tí wọ́n bá ti pàdé di ààlà. Siena bọ́ àkùkọ funfun tirẹ̀ yó bámúbámú, ó sùn lọ fọnfọn. Florence febi pa dúdú tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ni ó bá kọ kí ilẹ̀ tó mọ́ rárá, ẹlẹ́ṣin Florence sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnubodè Siena kí ẹnìkejì tó gbéra. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni o. Ṣùgbọ́n 1924 ni a dá ẹgbẹ́ olóko tí ń lo àkùkọ náà sílẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Alága ìjókòó ti ń wo aago. Riserva tí a ń kọ sára ìgò náà kì í ṣe ìyìn: ti Chianti Classico gbọ́dọ̀ gbó fún oṣù 24, ti Barolo, tí a fi èso Nebbiolo ṣe ní Piemonte, oṣù 62. Wàràkàṣì Parmigiano Reggiano pàápàá, ìgbà tí ó fi ń gbó kò gbọdọ̀ dín ní oṣù 12.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá dé ọjà, ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó bèèrè iye rẹ̀.