Ooru Tí Kì Í Jẹ́ Kí Òógùn Gbẹ

Ẹ ó rántí oṣù Èrèlé ọdún 2024. Láti ọjọ́ 11 sí 15, ooru mú gan-an káàkiri gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Níbòmíràn, ó lé ní 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣe ara ènìyàn tó nǹkan bíi 50.

Kí ló fà á? Bí òógùn bá ń gbẹ ni ara ń tutù. Atẹ́gùn òkun ti gbé ọ̀rinrin wá, òógùn wá ń ṣàn láìgbẹ: ẹ̀wù lẹ̀ mọ́ ọlọ́kadà lẹ́yìn, ooru sì há sínú ara.

Àwọn onímọ̀ nípa ojú ọjọ́ ní ẹgbẹ́ World Weather Attribution sọ pé epo àti èédú tí aráyé ń jó ti mú kí irú ooru yìí ṣeé ṣe ní ìlọ́po 10, ó sì fi nǹkan bíi 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius kún un.

Nítorí náà, ẹ ṣe iṣẹ́ agbára láàárọ̀. Ẹ má dúró de òùngbẹ kí ẹ tó mumi. Bí ara ẹnìkan bá gbóná janjan, tó sì ń sọ ìsọkúsọ, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ bu omi sí i lára, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá.